Búùtù Tuntun Bàbá Gúnrégé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé iṣẹ́ bíríkìlà kò ju kí èèyàn máa to búlọ́ọ̀kù léra wọn lọ. Ta ni ò lè to nǹkan? Ọmọdé pàápàá ń to agolo. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ògiri dúró ṣánṣán, kó má wo ọ̀tún, kó má wo òsì, kí ẹni tó máa gbé inú ilé náà lè sùn kó hanrun láìfòyà. Bàbá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n ṣe débi pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ìgbàgbé níbi iṣẹ́. Tó bá mọ ògiri tán, á di ojú kan, á fi èkejì wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, á wá ní, "Ó gún régé." Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Gúnrégé nìyẹn, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Òun ni fọ́mánù àwọn bíríkìlà mélòó kan àti káfíńtà kan tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ kiri tipẹ́tipẹ́. Òfin kan wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kì í rú. Bí wọ́n bá wà lórí pẹpẹ, ìyẹn irin àti pákó tí wọ́n tò mọ́ ara ilé gíga kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà láti sọ̀kalẹ̀ àfi bí Bàbá Gúnrégé bá nawọ́ sí i. Á nawọ́ sí ọ, wàá sọ̀kalẹ̀. Á nawọ́ sí ẹnìkejì, ìyẹn náà á tẹ̀ lé ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Kò ṣàdédé ṣòfin yìí o. Òjò kan ló ṣú lójijì nígbà kan, ni gbogbo wọn bá dà gììrì sórí àkàbà kan ṣoṣo, àkàbà yẹ̀, ẹsẹ̀ Káfíńtà sì kán. Títí di òní, tí òtútù bá mú, Káfíńtà á máa tiro díẹ̀. Bàbá Gúnrégé ní irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣojú òun mọ́, wọ́n sì ń pa òfin náà mọ́ bí ẹni ń pa ẹyin mọ́.

Wàyí o, ohun tí kò gún régé nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni etí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ kọnkéré ló bá ṣọ̀rẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sì fi nǹkan kan dí etí. Ta ló ń sọ irú ẹ̀ nígbà yẹn? Ẹni tó bá ki òwú bọ etí, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa fi í ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ariwo ẹ̀rọ ń jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà tí onílé ò fura. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìró omi tó ń hó lórí iná. Nígbà tó yá, bí èèyàn ò bá dúró níwájú rẹ̀ kó rí ètè onítọ̀hún, orí ló kù kó máa mì bí alángbá.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni. Fọ́mánù wo ni kì í gbọ́ràn? Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún kù tó mọ̀ ọ́n ṣe?

Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni igbákejì rẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ológbò, nítorí kò sí ibi gíga tó lè gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá yòókù ń fi í rẹ́rìn-ín pé ibo ni obìnrin ti ń mọlé, Bàbá Gúnrégé ló mú un kọ́ṣẹ́. Ológbò rí i pé ọ̀gá òun ò gbọ́ràn mọ́, kò sọ ọ́ jáde. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù gbá pákó tí wọ́n jọ dúró lé, kó! kó!, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń pe ọ̀gá. Bàbá Gúnrégé á mọ̀ ọ́n lára ní àtẹ́lẹsẹ̀, torí bàtà àtijọ́ kan ló máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé. Á yíjú, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ta ló ń pè mí?" Àwọn yòókù rí i, àwọn náà ń gbá pákó. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ ọ́ rí. Gbogbo wọn ló mọ̀, gbogbo wọn ló sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé ìfẹ́ lèyí? Ìfẹ́ ni, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná.

Nílé ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ, ní àṣà kan tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Kí obìnrin yìí tó wọ yàrá, á tan iná, á pa á, á tún tan án. Bàbá Gúnrégé á máa rò ó fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé, "Àáyán ni ìyàwó mi ń lé o! Obìnrin tó rọbí, tó bímọ, àáyán ló ń sá fún!" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin ni, ó ti wà nílé ọkọ níbi tó jìnnà. Tí ọmọ náà bá pè lórí fóònù, bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kó kí òun tán tó fi ń na fóònù sí ìyá rẹ̀. "Gbà, ọmọ rẹ nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin lẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a yí kí àṣẹ tuntun tó dé. Ilé-iṣẹ́ tó ni ilé gogoro tí wọ́n ń bá kọ́ kéde pé òṣìṣẹ́ tí kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò, kó sì yege, kò gbọdọ̀ gun pẹpẹ mọ́. Oríṣi ìwé ẹ̀rí méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti òṣìṣẹ́, èkejì jẹ́ ti alábòójútó. Fọ́mánù tí kò bá gba ti alábòójútó, kó bọ́ akoto funfun orí rẹ̀ sílẹ̀, kó dé yẹ́lò bíi ti àwọn tó kù. Bàbá Gúnrégé ti dé akoto funfun yìí pẹ́ débi pé ó ti ṣàmì sí i níwájú orí.

Ẹni tó wá kọ́ wọn, obìnrin tí kò fi ọjọ́ orí ju ọmọ Bàbá Gúnrégé lọ púpọ̀ ni. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Inú yàrá kan tí wọ́n ń kó síméńtì sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, eruku rẹ̀ ṣì ń wọ èèyàn nímú. Iwájú pátá ni Bàbá Gúnrégé ń jókòó sí, kó lè máa wo ẹnu Tíṣà. Ẹ wá wo bàbá àgbà tó tẹjú mọ́ ẹnu tíṣà bí ọmọ tuntun tó ń wo iná! Tíṣà rò pé ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ni. Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń yẹ bẹ́líìtì wò kí okùn rẹ̀ má lọ já lókè, bí wọ́n ṣe ń fi ìdí àkàbà jìnnà sí ògiri kó má baà yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó wo ẹsẹ̀ Káfíńtà, ó ní ká ní àwọn ti gbọ́ èyí nígbà yẹn.

"Tíṣà, bẹ́líìtì yín yìí há," ni Káfíńtà wí.

"Bẹ́líìtì ò ṣẹ̀ yín o, sà. Ẹ bá ikùn yín sọ̀rọ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Gúnrégé náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó ti rí i pé àwọn yòókù ń rín.

Tíṣà bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, Bàbá Gúnrégé wo ẹnu rẹ̀, ó dáhùn, ó yege. Ó wá ku ìdánwò orí pẹpẹ. Wọ́n máa gòkè, wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn bí ìṣe wọn, Tíṣà á sì fọn fèrè nígbà tí wọn ò retí, ìyẹn ni pé iná ti ṣẹ́ yọ. Fọ́mánù gbọ́dọ̀ kó gbogbo èèyàn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n pàdé lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bàbá Gúnrégé ò mikàn. Ológbò wà níbẹ̀. Pákó wà níbẹ̀. Kó! kó! náà ni.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n pín búùtù tuntun fún wọn. Ẹ ò rí búùtù! Irin wà níwájú rẹ̀ tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn tó jẹ́ pé ìṣó tó bá fẹ́ gún un wọlé, kó tún inú rò. Bàbá Gúnrégé gbé bàtà àtijọ́ rẹ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ ọlọ́dẹ géètì, ó ń fi búùtù rìn yan-yan bí ọkọ ìyàwó. Òun ò ronú kàn án, Ológbò náà ò ronú kàn án.

Wọ́n gòkè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Gúnrégé kọjú sí ògiri, ó ń fi okùn wọn ìlà búlọ́ọ̀kù, ó sì ń kùn orin sínú bíi ti ẹni tí iṣẹ́ ń dùn mọ́. Fèrè han lẹ́yìn rẹ̀. Han-in han-in! Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lápá kejì ilé ń sọ̀kalẹ̀. Ológbò gbá pákó, kó! kó! Bàbá Gúnrégé ń wọn okùn. Ó tún gbá a. Ó gbá a títí ọwọ́ fi ń ta á. Ìgbà tó bojú wo ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó rí búùtù ló tó yé e pé ìró pákó ò lè dé àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀gá mọ́.

Ẹ gbọ́, kò sí ohun tó dè wọ́n mọ́ ibẹ̀. Àkàbà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọ̀gá léjìká, Tíṣà tó ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ á mọ̀ pé kò gbọ́. Bí wọ́n bá sì sọ̀kalẹ̀ kó tó nawọ́, wọ́n ti rú òfin, ojú ọ̀gá ti wọlẹ̀. Ni wọ́n bá dúró. Káfíńtà dúró, Ológbò dúró, gbogbo wọn dúró pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́, fèrè ń han.

Nígbà tí Bàbá Gúnrégé yíjú láti béèrè síméńtì, ó rí ojú wọn. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí gbogbo ayé lábẹ́ igi, wọ́n ń wòkè. Ó sáré nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Tíṣà béèrè nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀. "Ká ní iná gidi ni, mi ò ní rí ọ̀kan nínú yín kí mọ́."

Káfíńtà ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Tíṣà, afẹ́fẹ́ ló gbé fèrè yín lọ. A ò gbọ́."

"A ò gbọ́," ni gbogbo wọn ń wí.

Tíṣà wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ìró ìdérí abọ́ oúnjẹ láti òkè téńté?" Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́la, òun máa tún un ṣe fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i péré.

Bàbá Gúnrégé dúró títí àwọn yòókù fi lọ, ó wá kọjú sí Ológbò kó lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. "Ṣé o gbọ́ fèrè?"

Ológbò wolẹ̀. "Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Gbé ojú ẹ sókè, mi ò rí ẹnu ẹ. Kí ló dé tí o ò sọ̀kalẹ̀?"

"Ẹ ò tíì nawọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá lára bí òtútù. Ológbò ti sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ má dààmú. Búùtù yẹn ló fà á. Ẹ fi ọ̀bẹ gé inú ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò kó fẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó máa rí i níta. Lọ́la, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé búùtù lọ sílé.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tán tó fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, búùtù kan láàárín ẹsẹ̀, ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́. Ó ti ki ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀. Iná tàn, ó kú, ó tún tàn.

"Àáyán tún ti dé," ló wí láìbojú wẹ̀yìn.

Ìyàwó rẹ̀ rìn yí i ká, ó jókòó síwájú rẹ̀. "Bàbá wọn, kí ni bàtà tuntun ṣe fún yín tí ẹ ń fi ọ̀bẹ gún un?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ purọ́. Irọ́ ò wá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fèrè, pákó, Ológbò, àwọn tó dúró pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, kò pariwo, kò káwọ́ lérí.

"Ẹ̀rù àáyán ò bà mí rí láyé mi," ló wí. "Bàtà ni mo fi ń pa á. Mò ń tan iná kí ẹ lè mọ̀ pé mo ti dé, kí n má baà já lù yín lẹ́yìn. Ìgbà kan wà tí mo fọwọ́ kàn yín lójijì, ẹ gbọ̀n títí omi fi bọ́ lójú yín. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín mọ́."

Bàbá Gúnrégé ń wo ẹnu rẹ̀. "O ti mọ̀?"

"Ta ni mo bá ń gbé? Bí ẹ ò bá sọ, kí nìdí tí màá fi ti ẹnu bọ̀ ọ́?" Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Mo lè máa bá yín bo tèmi títí ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ yín bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni òun ṣe fún bàbá òun tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn òun mọ́. Ó ní tóun bá ti pè, kíá lẹ máa ń sá fóun."

Inú yàrá dákẹ́. Fún bàbá yẹn, ó ti dákẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n tọjọ́ náà yàtọ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, ìyàwó rẹ̀ sì ń fọwọ́ pa á léjìká, ní ibi tó ti lè rí i pé òun ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gòkè. Ó dúró níwájú Tíṣà àti gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀, ó bọ́ akoto funfun, ó mú un sáyà.

"Etí mi ti kú," ló wí. Ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ṣe rò lọ. "Ó ti pẹ́. Lánàá, àwọn wọ̀nyí gbọ́ fèrè, gbogbo wọn ló gbọ́. Wọ́n dúró kí ojú má baà tì mí. Tíṣà, bó bá jẹ́ iná ni, ìtìjú mi ni ì bá sun wọ́n."

Káfíńtà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu imú. Tíṣà sún mọ́ ọn, ó rọra sọ̀rọ̀ kí ètè rẹ̀ lè hàn. Ó ní òun ò lè fún un ní ìwé alábòójútó, nítorí alábòójútó ló ń fi etí tirẹ̀ gbọ́ fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ó lè gba ti òṣìṣẹ́, bó bá lẹ́nìkejì tí wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́ nítòsí ara wọn, tó máa fọwọ́ kàn án léjìká bí fèrè bá dún. Ó bi í bóyá ó fara mọ́ ọn.

"Mo fara mọ́ ọn," ni Bàbá Gúnrégé wí. Ó yíjú sí Ológbò, ẹni tí òun náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ alábòójútó gẹ́gẹ́ bí igbákejì, ó na akoto funfun sí i.

"Ọ̀gá, mi ò dé e o. Ẹ jọ̀ọ́."

"O ò dé e kẹ̀? Ta ni kí n gbé e fún, Káfíńtà? Ṣé o fẹ́ kí ilé wó ni?"

"Ẹ dákun, ẹ má bú mi," ni Káfíńtà wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Bàbá Gúnrégé fọwọ́ ara rẹ̀ dé e lé Ológbò lórí. Ó di ojú kan, ó fi èkejì wò ó. "Ó gún régé," ló wí.

Wọ́n gòkè. Bàbá Gúnrégé nínú akoto yẹ́lò, búùtù rẹ̀ odindi lẹ́sẹ̀, wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù. Fèrè han. Ológbò nawọ́ sí Káfíńtà pé kó sọ̀kalẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Káfíńtà ò mira? Bàbá Gúnrégé ló ń wò. Gbogbo wọn ló ń wò ó. Nǹkan tó ti mọ́ èèyàn lára, ṣé ọjọ́ kan ló fi ń lọ ni?

Ológbò fọwọ́ kan ọ̀gá rẹ̀ léjìká. Bàbá Gúnrégé yíjú, ó rí ọwọ́ Ológbò tó nà sí àkàbà, ó sì rí ojú àwọn yòókù tó ń dúró dè é. Ó yé e. Bí òun ò bá lọ, wọn ò ní lọ. Ọkùnrin tí kì í gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà láìjẹ́ pé gbogbo èèyàn ti délẹ̀ láyọ̀ gbé búùtù rẹ̀ lé e, òun ló ṣíwájú. Wọ́n tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, Ológbò ló kẹ́yìn. Lábẹ́ igi, bàbá ń fọwọ́ kan orí ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé, títí tó fi kan akoto funfun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kà á, ó fi há ara ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níbi tí òun á ti máa rí i. Bàbá wá ní kó bá òun pe ọmọ wọn. Ó ní kó ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè máa gbọ́. Nígbà tó rí i lójú ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ ti gbé e, ó gbé ẹnu sún mọ́ fóònù.

"Ọmọ mi, bàbá rẹ ni. Má wulẹ̀ dáhùn, mi ò ní gbọ́ ọ. Etí mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ fún ọ. O ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ṣé o gbọ́? O ò ṣẹ̀ mí rí." Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Kí ló ń sọ?"

"Ó ń sunkún."

"Sọ fún un pé kó má sunkún. Sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ mi orí, ó ti fóònù padà síwájú rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ fúnra yín, Bàbá wọn. Òun ń gbọ́ yín."